Ìwé ègé aṣọ ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ àdìrẹ máa fi gba máàkì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ wa níṣẹ́ àdìrẹ, yálà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ní yunifásítì tàbí ní àwọn ibùdó ìkọ́ṣẹ́. Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé olùkọ́ á pe ìwọ̀n aró, kọ́sítíìkì àti háídírọ́ọ̀sì (kẹ́míkà méjì tó ń jẹ́ kí aró wọnú aṣọ), àwọn ọmọ á kọ ọ́ sílẹ̀, kálukú á pa aṣọ yáàdì márùn-ún láró, ó parí. Aṣọ náà lè rẹwà o. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí aró bá kọ̀ tí kò mú, ọmọ náà ò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, torí kò mọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ohun tó dà sínú ìkòkò ń ṣe.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ìdajì máàkì iṣẹ́ yìí máa wá láti inú ìwé ègé aṣọ, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tí akẹ́kọ̀ọ́ fi dán aró wò, tó lẹ̀ mọ́ ìwé, tó sì kọ ohun tó ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò náni lówó púpọ̀. Yáàdì kan aṣọ òwú funfun tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 45 á fúnni ní ègé 42 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 6 níbùú lóròó. Kí wọ́n má fi báírò kọ nọ́ńbà sí i, aró á bò ó mọ́lẹ̀. Àlùmọ́gàjí ni kí wọ́n fi gé etí rẹ̀ díẹ̀: ojú kan fún ègé kìíní, ojú méjì fún ìkejì. Ohun kan ṣoṣo sì ni kí wọ́n máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó yí ìwọ̀n aró, ooru omi àti àkókò padà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí àwọ̀ bá yàtọ̀, kò lè mọ èyí tó fà á.

Ara aṣọ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Aṣọ tuntun ní sítáàṣì tí ilé iṣẹ́ fi lé e, èyí tí kì í jẹ́ kí aró wọlé. Kán omi sí ègé tí a kò tíì fọ̀, omi á dúró lórí rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Kán an sí èyí tí a ti fi ọṣẹ sè fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á wọlé lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n tún fa okùn kan yọ lára aṣọ, kí wọ́n ṣáná sí i: òwú gidi á jó, á rùn bíi bébà, á di eérú, pọ́líẹ́sítà á yọ́, á sì dì gbagidi. Kò sí bí pọ́líẹ́sítà ṣe pẹ́ tó nínú ìkòkò èlú (aró búlúù tí a ń fi ewé ṣe) tí yóò mu aró náà bí òwú ṣe ń mu ún.

Èlú àti aró òyìnbó oníkọ́sítíìkì kì í yọ́ nínú omi lásán. Háídírọ́ọ̀sì àti kọ́sítíìkì (nínú ìkòkò àwọn ìyá wa, omi eérú àti ìkẹ̀ ewé èlú fúnra rẹ̀) ló ń yí aró padà kó lè wọnú òwú. Afẹ́fẹ́ ló ń dá a padà sí bó ṣe wà, tó fi há síbẹ̀. Ìdí nìyí tí aṣọ èlú fi ń jáde nínú ìkòkò pẹ̀lú àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n, tí yóò wá máa di búlúù lójú ẹni bí a bá ti nà án.

Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń po aró ìwọ̀n kan, kọ́sítíìkì ìwọ̀n kan, háídírọ́ọ̀sì ìwọ̀n méjì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ po abọ́ mẹ́ta: kí háídírọ́ọ̀sì jẹ́ ààbọ̀ nínú èkíní, ọ̀kan nínú èkejì, méjì nínú ẹ̀kẹta, kí ìyókù má yí padà. Tí àwọn ègé bá gbẹ, kí ó fi aṣọ funfun nù wọ́n. Èyí tí háídírọ́ọ̀sì rẹ̀ kò tó á ṣí sára aṣọ funfun náà, torí orí òwú ni aró bà sí, kò wọlé. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ló ń kun oníbàárà lára. Háídírọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣí sílẹ̀ kó gba ọ̀rinrin náà á fa irú àbùkù yìí, torí agbára rẹ̀ á ti lọ; ó tiẹ̀ lè gbóná kó gbiná. Kọ́sítíìkì ni kí wọ́n máa dà sínú omi, kí wọ́n má da omi lé kọ́sítíìkì. Kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n má sì lo ìkòkò alúmíníọ́ọ̀mù, kọ́sítíìkì á jẹ ẹ́.

Ìdánwò tó ń la ojú akẹ́kọ̀ọ́ jù lọ, lójú tèmi, ni ti rírì aṣọ bọ èlú. Kí ègé kan wà nínú ìkòkò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí èkejì lo ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹfà, kí wọ́n máa sá a sí afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín. Àkókò kan náà ni méjèèjì lò nínú aró, ṣùgbọ́n èkejì ló máa dú jù, torí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ti mú aró àkọ́kọ́ há ni aró míràn tó lè gùn ún.

Fún àdìrẹ oníko, ìyẹn èyí tí a fi okùn ìko di, kí wọ́n di ègé méjì bákan náà, kí wọ́n rẹ ọ̀kan sínú omi kó tó wọ aró, kí wọ́n ti èkejì bọ̀ ọ́ ní gbígbẹ. Èyí tó gbẹ á fa aró wọ abẹ́ ìko. Fún ẹlẹ́kọ, tó jẹ́ láfún tí a sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù àti copper sulphate, kí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ fa ìlà sí ègé mẹ́ta: ẹ̀kọ tó ṣàn, tó dọ́gba, tó ki. Èyí tó ṣàn á jẹ́ kí aró gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, èyí tó ki á sán. Tí ẹ̀kọ kò bá gbẹ dénú, gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́. Ní ti alábẹ́là, ìyẹn èyí tí a fi àbẹ́là yíyọ́ ya ọnà sí, bí àbẹ́là kò bá gbóná tó, á funfun lórí aṣọ láì wọlé. Bó bá gbóná jù, á tàn kọjá ìlà. Aró náà gbọ́dọ̀ ti tutù kí aṣọ tó wọ̀ ọ́, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àbẹ́là á yọ́ dànù.

Wọ́n á ní iṣẹ́ ọnà kọ́ nìyẹn, ìdánwò sáyẹ́ǹsì ni. Ẹ wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ àwọn ìyá Ìbàdàn, irú èyí tí wọ́n ń pe ọnà rẹ̀ ní Ìbàdàndùn, tó ní òpó gbọ̀ngàn Mápó nínú. Ojú-ojú ni wọ́n pín aṣọ náà sí, ojú kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọnà tirẹ̀. Kí ọmọ ya ojú kan bó ṣe wà, kó tún un yà pẹ̀lú àyípadà kan, yálà sísanra ìlà rẹ̀ tàbí àlàfo funfun rẹ̀, kó lẹ méjèèjì mọ́ ìwé náà. Ibẹ̀ lojú ọnà ti ń là.

Kí ilé ẹ̀kọ́ sì máa gba ẹ̀dà kan nínú gbogbo ègé pamọ́ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti ìsọ̀ tí wọ́n ti ra aró sí i, torí aró ìsọ̀ méjì kì í sábà lágbára bákan náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà aṣọ, Abẹ́òkúta