Àwọn méjì tó ṣubú lọ́nà Pobẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa ọpọlọ tó fara pa àti àbùdá tí èèyàn jogún, èyí tí wọ́n ń pè ní APOE. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ fi èdè wa kọ ọ́. Àmọ́ ẹ ní àbùdá ló ń pinnu ẹni tí ara rẹ̀ yóò yá lẹ́yìn ìjàǹbá àti ẹni tí ara rẹ̀ kò ní yá. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bá yín jiyàn.

Àbúrò mi ọkùnrin àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ wà lórí zémidjan (ọ̀kadà akérò tiwa ní Benin níbí) kan ṣoṣo nígbà tí wọ́n já lulẹ̀. Kò sẹ́ni tó dé kásìkì, akoto tí wọ́n fi ń gun alùpùpù, nínú wọn (bí kò bá sí ọlọ́pàá lójú ọ̀nà, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ la máa ń gbé e kọ́). Àwọn méjèèjì ló dákú. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ọ̀rẹ́ ti ń gbé èrò láti Kétu lọ Ìlárá. Tiwa ń jókòó ti ọmọ rẹ̀, orúkọ ọmọ kò wá sẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí fèrèsé, orí á fọ́ ọ. Làwọn ará ilé bá di adájọ́. Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ kò tọ́jú rẹ̀, wọ́n ní ayé ló ṣe é. Ẹ̀yin náà gbé ìwé ìròyìn jáde, wọ́n wá rí ẹ̀sùn tuntun: ẹ̀jẹ̀ ilé wa ló burú!

AA, AS àti SS la fi mọ àbùdá níbí. Ẹni tó jogún S lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde dé nìyẹn. Èyí tí ẹ kọ nípa rẹ̀, APOE, kò rí bẹ́ẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ara ṣe èròjà tó ń kó ọ̀rá kiri, títí kan inú ọpọlọ, níbi tí wọ́n ti nílò ọ̀rá láti tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Oríṣi mẹ́ta ló wà: 2, 3 àti 4. Lóòótọ́, ní 1997, àwọn oníṣègùn Glasgow ní Scotland kéde pé àwọn tó ní oríṣi 4 kì í sábà bọ̀ sípò tó àwọn yòókù lóṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìjàǹbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀pọ̀ èèyàn sí i wò, tí wọ́n sì gbé àbọ̀ jáde ní 2005, wọn ò rí ìyàtọ̀ náà lára gbogbo wọn lápapọ̀. Ara àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ló ti hàn.

Ẹ tún wo Ìbàdàn. Ní 1992 ni àwọn oníṣègùn ibẹ̀ àti ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ṣèwádìí ìgbàgbé ọjọ́ ogbó. Oríṣi 4 kan náà pọ̀ lára àwa Yorùbá, síbẹ̀ kò so mọ́ àìsàn náà níbẹ̀ bó ṣe so mọ́ ọn lára àwọn òyìnbó. Ta ló wá lè fi ìwé Scotland dá ẹjọ́ ọmọ Kétu?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn kọ. Ọjọ́ orí, bí ìpalára náà ṣe le tó níbẹ̀rẹ̀, bóyá afẹ́fẹ́ tó ọpọlọ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, gbogbo èyí wà lára ohun tó ń pinnu ẹni tí ara rẹ̀ yóò yá. Nínú gbogbo àwọn tó ń dájọ́ nílé wa, kò tíì sẹ́ni tó bi mí léèrè ibi tí oníkálukú já sí. Inú koríko ni ọ̀rẹ́ náà já sí. Títì ọlọ́dà ni àbúrò mi fi orí gbá.

Òǹkàwé yín,
Kétu