Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ nípa Battersea North

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù ti gbòde níbí, ṣùgbọ́n a dúpẹ́.

O bi mí lọ́jọ́sí bóyá àwọn tí kì í ṣe òyìnbó ń rọ́wọ́ mú nínú òṣèlú Gẹ̀ẹ́sì láyé ijọ́un. Jẹ́ kí n sọ ti Battersea North fún ọ, ẹkùn ìdìbò kan ní gúúsù odò Thames tí kò sí mọ́. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1918, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ Battersea South ní 1983. Àwọn òṣìṣẹ́ reluwé àti gáàsì pọ̀ níbẹ̀.

Kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ni John Archer, aláwọ̀ dúdú tó ń fi fọ́tò yíyà jẹun, ti di mẹ́yọ̀ Battersea ní 1913. Ọmọ Barbados ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ireland ni ìyá rẹ̀. Ìbò 40 sí 39 ló fi wọlé láàárín àwọn káńsẹ́lọ̀.

Archer yìí ló rọ ẹgbẹ́ Labour ní 1922 kí wọ́n fa Shapurji Saklatvala kalẹ̀ fún ipò aṣòfin Battersea North, ó sì wọlé. Ọmọ Bombay ni, ìdílé Tata olówó ni ìyá rẹ̀ ti wá, síbẹ̀ Kọ́múnísìtì ni. Rò ó wò, Àdùkẹ́: Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso India nígbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ òyìnbó sì fi ọmọ India ṣe aṣojú ara wọn! Orí mi ń wú bí mo bá rántí.

Ìbò 186 péré ni wọ́n fi lé e kúrò ní 1923. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló padà wọlé, lórúkọ ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì gan-an. Ní May 1926, bí ìyanṣẹ́lódì ńlá ti ń bọ̀, ó sọ̀rọ̀ ní Hyde Park, wọ́n sì tìtorí ẹ̀ jù ú sẹ́wọ̀n oṣù méjì. Ó lọ sí India ní 1927. Lẹ́yìn náà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ baba rẹ̀ mọ́.

Ibi tó dùn mí jù ni pé Labour àti Kọ́múnísìtì wá kẹ̀yìn síra. Ní 1929, Archer tó bá Saklatvala ṣe ètò ìbò àkọ́kọ́ ló ṣètò ìpolongo fún ọmọ Labour tó fẹ̀yìn Saklatvala gbálẹ̀. Mi ò dá Archer lẹ́bi, ẹgbẹ́ tó ti ń sìn tipẹ́ ni. Ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí i.

Tí o bá wá sí Lọ́ńdọ̀nù, a ó jọ lọ sí Brynmaer Road, kí o rí àmì búlúù tí wọ́n fi orúkọ Archer sí lára ilé tó gbé. Bá mi kí Bàbá àti Màmá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Fọláṣadé