Òwú tí Ìyá Gbọ̀n

Ṣábẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ìyá rẹ sọ fún mi pé wọ́n ti pè ọ́ síṣẹ́ ní Glo-Djigbé, ibi tí wọ́n kó àwọn úsìnì, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, jọ sí, pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wàá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n o mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ tó bá wọ̀ mí lọ́kàn kì í yá lẹ́nu mi. Mo kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá mi tí o kò bá láyé, òwú ló fi tọ́ wa. Ẹ̀yìnkùlé, níbi tí òkúta òkè ti sún mọ́ ògiri, ló máa ń tẹ́ ẹní sí. Á gbé òwú lé òkúta pẹlẹbẹ, á fi ọ̀pá irin yí i lórí títí kóró yóò fi bọ́ jáde. Á wá fi ọrun gbọ̀n ọ́n títí á fi fúyẹ́ bí èéfín, kó tó mú ìrànwú. Ó lè ti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lórí ẹní yẹn, kí ohun tó rí ran má kún igbá kékeré. Òun ló máa ń sọ pé òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran. Ọmọdé ni mí, mo rò pé iṣẹ́ ilé ló fẹ́ fi bẹ̀ mí.

Iṣẹ́ yẹn kò bá a dalẹ́. Láti ọdún 1949 ni àwọn Faransé ti dá CFDT, ilé-iṣẹ́ òwú wọn, sílẹ̀ láti máa wá òwú ní ilẹ̀ Áfíríkà fún úsìnì tiwọn. Nígbà tó di 1983, SONAPRA, ilé-iṣẹ́ ti ìjọba wa tó ń ra òwú, dé, àgbẹ̀ tó ní òwú mọ ibi tí yóò tà á sí. Ta ni yóò tún jókòó yọ kóró lọ́wọ́?

Èmi náà tẹ̀lé ẹ̀rọ. Mi ò tí ì gbé ìyá rẹ níyàwó nígbà tí mo wọ úsìnì òwú kan. Kámíyọ̀ máa ń tò láti ẹnu géètì dé ọ̀nà ńlá, àwọn awakọ̀ á sùn sábẹ́ ọkọ̀. Páìpù ńlá ló ń fa òwú wọlé bí ìjì. Nínú ilé, ayùn róbótó-róbótó ń yí lórí ọ̀pá kan, eyín wọn á fa òwú gba àárín irin tóóró kọjá, kóró ò ní lè gba ibẹ̀. Ohun tí ìyá mi fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe, ẹ̀rọ ti ṣe é tán kí n tó nu òógùn ojú. Nínú 100 kílò tó bá wọlé, nǹkan bí 42 ló ń jáde ní òwú funfun. Èyí tó ju ìdajì lọ, kóró ni. Wọ́n ń fún epo lára rẹ̀, àwọn darandaran sì ń ra èérún rẹ̀ fún màlúù.

Òwú funfun náà, a óò tẹ̀ ẹ́ pọ̀, a óò fi wáyà dì í ní ẹrù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ju 200 kílò lọ, ó di èbúté Kútọnu. Bangladesh ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ. Wọ́n á ran án níbẹ̀, wọ́n á hun ún, wọ́n á rán an, àwa á tún fi owó ra á lọ́jà. Ó dùn mí lọ́jọ́ tí mo mọ̀ ọ́n, ó ṣì ń dùn mí. Wọ́n kọ́ úsìnì aṣọ sí Parakou, wọ́n kọ́ sí Lokossa, èyí tó di ilé-iṣẹ́ aṣọ CBT ní 2002, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni wọ́n lè lò nínú òwú wa. Ìdí nìyí tí Glo-Djigbé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2020 fi ń dùn mọ́ mi nínú. Ìyá mi gbọ̀n ọ́n, èmi bá ẹ̀rọ yọ kóró rẹ̀, ìwọ ni yóò rán an.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó ṣe mí. Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni ìjọba ti gba aládàáni láàyè láti kọ́ úsìnì. Inú wa dùn, a rò pé iṣẹ́ dé. Nígbà tó yá, úsìnì pọ̀ ju òwú lọ. Ní àsìkò 2010 sí 2011, òwú gbogbo Bẹ̀nẹ̀ kò tó 140,000 tọ́ọ̀nù. Oṣù méjì péré ni ẹ̀rọ wa dún lọ́dún náà, wọ́n ní ká máa lọ. Ní 2021 sí 2022, òwú ti ju 760,000 tọ́ọ̀nù lọ, ṣùgbọ́n mi ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìgbà mọ́kànlá ni mo ṣiṣẹ́ àsìkò òwú ní ibẹ̀. Wọ́n ń yọ owó CNSS, àjọ tó ń san owó ìfẹ̀yìntì, nínú owó wa, mo rí i lórí ìwé, mo sì ń sọ ìwé náà nù. Mi ò béèrè nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo pé ọgọ́ta ọdún tí mo lọ wádìí, àsìkò mẹ́ta péré ló ní orúkọ mi. Mẹ́jọ yòókù, ó dà bí ẹni pé mi ò wá sáyé.

Nítorí náà, kí o tó fọwọ́ síwèé, jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ọ ka Faransé inú rẹ̀. Láti oṣù kìíní 2023, owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí jẹ́ 52,000 fáráǹkì. Má gba ohun tó kéré sí i. Béèrè nọ́ńbà CNSS rẹ ní oṣù àkọ́kọ́, kí o fi ọ̀wọ̀ béèrè, kí o tún padà béèrè. Gbogbo ìwé owó oṣù, kó wọn sínú agolo, kí omi má dé ibẹ̀. Tí àyè bá yọ, kọ́ ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ, nítorí ẹni tó mọ apá aṣọ nìkan í rán ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá padà sílé. Bí wọ́n bá gbé ọ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ran òwú, bo imú rẹ. Eruku òwú kì í yára pani, àyà ló ń há mọ́ni, ọjọ́ tí èèyàn bá ti ìsinmi dé ló sì máa ń há jù. Ikọ́ mi tí o ń gbọ́ lóru láti kékeré, nínú eruku úsìnì tiwa ni mo ti kó o.

Bí nọ́ńbà náà bá ti dé ọwọ́ rẹ, kà á fún mi lórí fóònù. Mo ti fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún un nínú ìwé mi, mo kọ orúkọ rẹ sókè rẹ̀.

Bàbá rẹ