Lẹ́tà sí Ìyá Onígàrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Màámi,

Mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró ti àwọn ọmọ. Mo bẹ ẹni tó bá ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí kó rọra kà á. Ọ̀rọ̀ bíà tí ẹ̀gbọ́n mi mú bọ̀ láti Bẹ́ljíọ̀m lọ́jọ́ Ojúde Ọba ló wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ délẹ̀.

Ẹ fẹnu kàn án, ẹ ní ó ti bàjẹ́, kí ẹnikẹ́ni má mu ún. Gbogbo ilé gbà, torí wọ́n mọ̀ pé ẹnu yín kì í purọ́. Èmi náà mọ ìdí tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀. Bíà tí gbogbo wa mọ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kì í kan. Tó bá kan, dídànù ló tọ́ sí i. Ẹ wo ilé-ọtí ńlá tí International Breweries ṣí sí Ṣàgámù ní 2018: ohun tó bá lè mú kí ọtí di kíkan ni wọ́n ń lé jáde níbẹ̀. AB InBev, iléeṣẹ́ ọtí tó ni ìpín tó pọ̀ jù nínú ilé-iṣẹ́ náà, ìlú Leuven ní Bẹ́ljíọ̀m ni olú-ilé rẹ̀ wà. Bẹ́ljíọ̀m yìí kan náà ni ọtí tí ẹ tọ́ wò ti wá, àmọ́ ìlú mìíràn ni, Roeselare, níbi tí wọ́n ti ń dìídì jẹ́ kí ọtí di kíkan, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ọ bó ṣe ń kan.

Rodenbach Alexander ni wọ́n ń pè é. Alexander tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́, ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́. Síbẹ̀ òun àti àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ló ra ilé-ọtí náà ní 1821, ó sì wà lára àwọn tó jókòó nílé ìgbìmọ̀ nígbà tí Bẹ́ljíọ̀m ń di orílẹ̀-èdè ní 1830. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn wọ̀ mí lára gan-an, torí nídìí irú ọtí yìí, imú àti ahọ́n ló ń dájọ́.

Ọkà báálì tí wọ́n rẹ títí ó fi hù, tí wọ́n wá yan, ni wọ́n ń fi pọn ọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rọ ọ́ sínú àgbá tí wọ́n fi igi óákù ṣe. Kì í ṣe àgbá tí ènìyàn ń gbé káàkiri o, ó ga kọjá òrùlé ilé ìdáná yín. 294 ló wà nílé-ọtí náà, òmíràn nínú wọn sì ti lò ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ọtí yóò wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì. Igi ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé díẹ̀díẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ti sọ inú igi di ilé sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Lára wọn ni àwọn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Lactobacillus. Màámi, ìdílé àwọn yìí náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú àpò ẹ̀gẹ́ yín.

Mo ti wò yín nídìí iṣẹ́ yẹn láti kékeré. Tí ẹ bá ti hó ẹ̀gẹ́ tán, tí wọ́n bá ti rin ín, tí ẹ dì í sínú àpò tí ẹ gbé òkúta lé e, ẹlòmíràn á ti yan tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yin kò jẹ́. Ó di ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin, ẹ ó tú ẹnu àpò, ẹ ó mú díẹ̀, ẹ ó fún un láàárín ìka méjì, ẹ ó gbé e símú, ẹ ó tún so àpò padà. "Kò tíì dé." Àwọn oníbàárà Èkó á dúró títí, ẹ ò ní dá wọn lóhùn. Kíkan yẹn ló ń bá wa lé májèlé inú ẹ̀gẹ́ kí iná tó parí ìyókù nínú agbada, òun náà ló sì jẹ́ kí gàrí Ìjẹ̀bú lórúkọ. Tí ẹnìkan bá wá sọ fún yín pé gàrí yín ti bàjẹ́ torí pé ó kan, mo mọ irú èsì tí yóò gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn ará Roeselare. Kò sí àgbá méjì tó ń kan bákan náà, nítorí náà ẹni tó mọ̀ ọ́n á máa tọ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, á bù nínú èyí, á bù nínú ìyẹn, á fi ọtí tuntun là á kó má bàa pọ̀ jù. Èso ṣẹ́rì ni wọ́n á wá rẹ sínú rẹ̀. Èso pupa kékeré ni, kóró kan ló ní, irú tí wọ́n sì ń lò fún ọtí yìí kan dáadáa.

Nígbà tí gbogbo yín lọ wo àwọn ẹlẹ́ṣin, mo jókòó ti ife yín. Òtútù fíríìjì ti kúrò lára rẹ̀, èyí sì dára, torí tó bá tutù nini, kíkan nìkan ló ń yọ. Mo gbé e sójú oòrùn: ó dúdú láàárín, ó pọ́n yòò létí. Òórùn igi ló kọ́kọ́ dé, fínígà díẹ̀ tẹ̀lé e. Mo mu ún, ó mú mi lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì, itọ́ dà. Mi ò tíì gbé e mì. Ìgbà yẹn ni adùn báálì yíyan rọra yọ, ṣẹ́rì gorí rẹ̀, èso fúnra rẹ̀, kì í ṣe adùn míńrà. Nígbà tí mo gbé e mì tán, ẹnu mi gbẹ, ìkorò tí mo mọ̀ mọ́ bíà kò sí níbẹ̀. Lójú tèmi, adùn èso náà ìbá dín díẹ̀, kí igi lè sọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọtí gidi ni, inú mi sì bàjẹ́ pé ẹ ò sí nítòsí kí n gbé e fún yín lẹ́ẹ̀kejì.

Ìgò kan ṣì kù. Mò ń mú un bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹ bá ti kúrò lọ́jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ ata ṣáájú, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbé e sí fíríìsà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni kí ẹ mu, kí ẹ dá a dúró lẹ́nu, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ó tó àkókò kí wọ́n tó rọ ọ́ kúrò nínú àgbá, tàbí wọ́n kánjú. Èmi ò lè mọ ìyẹn. Ẹ̀yin lẹ lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ bá mi kí bàbá.

Èmi ni ọmọ àbúrò yín ní Ṣàgámù.