Ẹbí wo ló ń sanwó kó tó kan ilẹ̀kùn?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde, ọ̀rọ̀ náà ti há mi lọ́fun. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹ́ḿbásì kan dá pásípọ́ọ̀tù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi padà fún un láìsí físà nínú rẹ̀. Ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni wọ́n pè é sí, ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ láti àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso ọ̀pọ̀ nínú wọn rí, nílùú kan tí òun náà wà nínú Commonwealth. Àwọn tó pè é ló fẹ́ sanwó ọkọ̀ òfuurufú, àwọn náà ló fẹ́ fún un níbi tí yóò sùn. Ìwé pélébé kan ni wọ́n fi dá a lóhùn: kò dá àwọn lójú pé yóò padà sílé. Obìnrin tó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, tó ní ọkọ, tó ní ọmọ ọlọ́dún méjì! Owó físà tó san, ó wọgbó nìyẹn.

N kò sọ pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Onílé lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ẹni tó ń wọlé òun. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn tó lé ọmọ wa padà yìí kan náà ni wọ́n máa ń dìde ní Ọjọ́ Commonwealth, lọ́jọ́ Ajé kejì nínú oṣù Kẹta lọ́dọọdún, tí wọ́n á máa sọ pé ẹbí kan ṣoṣo ni gbogbo wa. Ẹbí wo? Ọmọ ẹbí wo ló ń sanwó kó tó kan ilẹ̀kùn, tí wọ́n tún lé e, tí wọn ò dá owó rẹ̀ padà?

Kì í ṣe pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ṣí ilẹ̀kùn náà rí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn bàbá wa bá wọn jà dé Búmà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá òṣìṣẹ́. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1948 fàyè gba àwọn ènìyàn láti ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso láti wọlé, kí wọ́n máa gbé ibẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́. Nígbà tó di 1962, wọ́n ṣe òfin mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn ọmọ Commonwealth. Ìgbà tí wọ́n nílò wa, ẹbí ni wá. Ìgbà tí wọn ò nílò wa mọ́, a di àlejò. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn olórí Commonwealth kọ sílẹ̀ ní London lọ́dún 1949 ni pé olómìnira ni gbogbo wa, a sì dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti wa níhìn-ín wé e. Ọdún 1975 ni wọ́n dá ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1979, àdéhùn ti wà nílẹ̀ pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn, kó lo ọjọ́ 90, láì gba físà. Lónìí, ọmọ Nàìjíríà lè wọ Ghana, Gambia, Sierra Leone àti Togo láì tọrọ físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà nínú Commonwealth. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Commonwealth ló ṣe é fún wa o, ECOWAS ni. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń sọ pé kò lówó, tí wàhálà rẹ̀ kì í tán, òun ló ṣe ohun tí ẹgbẹ́ ọlọ́ba kò ṣe.

Orílẹ̀-èdè 56 ló wà nínú Commonwealth báyìí, èrò inú wọn sì lé ní bílíọ̀nù méjì àbọ̀. Mozambique wọlé ní 1995, Rwanda ní 2009, Gabon ní 2022, bẹ́ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣàkóso ọ̀kan nínú wọn rí. Àwọn aláṣẹ ń wá, wọ́n ń dara pọ̀, wọ́n ń ya fọ́tò. Àwọn aláṣẹ tiwa náà kì í gbẹ́yìn. Bí ìpàdé àwọn olórí bá tó, wọ́n á kó ara wọn jọ, pásípọ́ọ̀tù ìjọba lọ́wọ́, ọ̀nà ti là fún wọn. Bí wọ́n bá dé, ìròyìn tí à ń gbọ́ ni pé ìpàdé lọ dáadáa. Ó lọ dáadáa fún ta ni? Ṣé ẹnì kan nínú wọn ti dìde níbẹ̀ rí, kó béèrè pé kí ló dé tí àwọn ọmọ àwọn fi ń tò lórí ìlà láti àfẹ̀mọ́júmọ́, kí wọ́n lè wọlé ẹbí wọn? Kì í ṣe pé a kò lẹ́nu níbẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà, Emeka Anyaoku, ló jẹ́ akọ̀wé àgbà àjọ náà láti 1990 di 2000, ọmọ Ghana, Shirley Botchwey, ló sì gba ipò náà lọ́dún 2025.

Eré ìdárayá Commonwealth náà ńkọ́? Láti 1930 tó ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì sí ìlú kan ní Áfíríkà tó gbà á lálejò. Abuja du ti 2014, Glasgow ló gbà á. Wọ́n fún Durban ní ti 2022, wọ́n tún gbà á padà nítorí ọ̀rọ̀ owó. Àwa ṣáà ni a ó máa tọrọ físà lọ wò ó.

Ohun tí mo rò pé kí wọ́n ṣe nìyí. Kí wọ́n ṣe káàdì ìrìnnà Commonwealth fún akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, eléré ìdárayá àti oníṣòwò tó ní ìwé ìpè gidi lọ́wọ́, fún ọgbọ̀n ọjọ́ péré. Kí ẹni tó pe àlejò ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀: bí àlejò bá kọ̀ tí kò lọ, kí onígbọ̀wọ́ san ìtanràn, kí wọ́n sì gba káàdì náà. Bí ẹ́ḿbásì bá kọ̀ láti fún ẹnì kan, kí ó kọ ìdí tó ṣeé yẹ̀ wò, kí ìgbìmọ̀ kan tí ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn wà nínú rẹ̀ tún un wò, kí wọ́n sì dá ìdajì owó padà, ó kéré tán. Kò pọn dandan kí gbogbo 56 gbà lọ́jọ́ kan náà. Bí mẹ́wàá bá bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n rí i pé ìlú wọn kò bàjẹ́, àwọn yòókù á tẹ̀ lé wọn. Kí àwọn aṣojú wa gbé e lọ sí ìpàdé àwọn olórí Commonwealth tí wọ́n fi sí Antigua àti Barbuda lọ́dún 2026.

 

Ìwé ìpè ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lórí tábìlì. Àwọn tó pè é ti kọ̀wé sí i pé àwọn yóò tún pè é lọ́dún tó ń bọ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ mi lánàá bóyá kí òun tún san owó físà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. N kò tíì mọ èsì tí n óò fún un.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti ọjọ́ pípẹ́