Asẹ́ iyanrìn ló yẹ ìlú kékeré

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ ìlú kékeré bá jẹ yọ nínú ìwé ìròyìn yín, ẹ̀rọ ìgbàlódé ni gbogbo ènìyàn ń bèèrè: táǹkì onírin, àlọ́ọ̀mù, pọ́ǹpù ńlá. Èmi ò sí níbẹ̀: asẹ́ iyanrìn àtijọ́, tó ń rọra sẹ́ omi, ni mo fara mọ́.

Asẹ́ iyanrìn inú ẹ̀rọ ìgbàlódé bẹ́ẹ̀ yára lóòótọ́. Omi ń gba inú iyanrìn rẹ̀ kọjá ní nǹkan bíi mítà 5 sí 10 láàárín wákàtí kan, nígbà tí asẹ́ iyanrìn àtijọ́ ń rọra lọ ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 20. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí àlọ́ọ̀mù tí yóò kó ìdọ̀tí jọ, ìwọ̀nba ni iyanrìn náà lè dá dúró. Bí kò bá sí iná, wọn ò ní lè ti omi padà láti ìsàlẹ̀ fi fọ̀ ọ́. Ta ni kò mọ ilé omi kan tí wọ́n tì pa torí pé dísẹ̀lì tán?

Èyí tó ń rọra ṣiṣẹ́ kò nílò àlọ́ọ̀mù, kò sì nílò iná ju ti pọ́ǹpù tó ń gbé omi wá láti odò. Iyanrìn kíkúnná ni, ó jìn tó bíi mítà kan, òkúta wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀, omi dúró lé e lórí, ó ń fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Kì í kàn ṣe bí asẹ́ ògì o. Láìpẹ́, awọ kan tó ń yọ̀ yóò bo ojú iyanrìn náà, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tín inú rẹ̀ ló sì ń jẹ kòkòrò àrùn. Bó bá dí, ṣọ́bìrì ni wọn yóò fi ha ojú rẹ̀ díẹ̀ kúrò.

Ní 1892, kọ́lẹ́rà pa èèyàn tó lé ní 8,000 ní Hamburg, ní Jámánì, níbi tí aráàlú ti ń mu omi odò Elbe láìsẹ́. Ìsàlẹ̀ odò yẹn kan náà ni Altona, ìlú tó múlé ti Hamburg, ti ń fa tirẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ̀gbin Hamburg ti ṣàn sínú rẹ̀. Àmọ́ Altona ń fi iyanrìn sẹ́ ẹ. Àrùn náà kò jà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ní nǹkan àtijọ́ ni, kó bi àwọn ará wa ní London: irú asẹ́ yìí ṣì ń sẹ́ púpọ̀ nínú omi ibẹ̀.

Wọ́n á ní ó ń gba ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Èèyàn 5,000, lítà 40 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, jẹ́ lítà 200,000. Bí omi bá ń sọ̀kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 láàárín wákàtí kan, tọ̀sán-tòru, asẹ́ tó fẹ̀ ní mítà 9, tó gùn ní mítà 10, tó láti sẹ́ ẹ. Ẹ ṣe é ní méjì, kí ọ̀kan máa ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń ha èkejì. Méjèèjì kò tó ìdajì pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100.

Òjò ni ìṣòro rẹ̀. Nígbà tí odò wa bá ru, ẹrẹ̀ lè dí iyanrìn náà pa láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí náà omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú kòtò olókùúta wẹ́wẹ́ kọjá. Kíloríìnì díẹ̀, èyí tó ń pa kòkòrò àrùn, ṣì yẹ nígbẹ̀yìn pẹ̀lú, torí ìdọ̀tí lè gba ibi tí páìpù ti ń jò wọlé. Ìlú ńlá bí Ìbàdàn, tí ilẹ̀ ti wọ́n, lè máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé agbaṣẹ́ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi í pé ta ni yóò máa ra àlọ́ọ̀mù lẹ́yìn ọdún kẹta. Kí ó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan, Ṣakí