Àjàní, Àlọ́ Mi Ṣì Wà Lọ́wọ́ Rẹ

Àjàní ọmọ mi,

Mo kí ọ, ìyá rẹ náà sì kí ọ. Ó di ọjọ́ mọ́kàndínlógún lónìí tí n kò ti rí àwọn àpótí aláwọ̀ mẹ́rin tí o máa ń fi ránṣẹ́ sí mi láràárọ̀ lórí WhatsApp, láti fi hàn mí bí o ṣe ṣe sí nínú eré Connections ti ìwé ìròyìn New York Times. Ní ọjọ́ kẹta tí o dákẹ́, mo fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin tèmi ránṣẹ́ sí ọ pé kí o wá ohun tó pa wọ́n pọ̀: abẹ́rẹ́, egbò, fèrèsé, ọ̀run. Àmì búlúù méjì fi hàn pé o kà á, síbẹ̀ o kò fèsì. Owó oṣù yìí dé ní ọjọ́ tó yẹ kó dé, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó bá a wá. Ṣé ara rẹ yá?

Ẹnì kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé sọ fún ìyá rẹ pé o ti kó kúrò nínú ilé tí a mọ̀ ọ́ sí, àti pé nígbà tí òun rí ọ ní ibùdókọ̀, o ti rù. Mo ní kí ìyá rẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹlẹ́nu gbọ́, ṣùgbọ́n èmi tí mo sọ bẹ́ẹ̀ ni mo ń dìde lóru láti yẹ fóònù wò. Kí ló dé? Ọmọ tí mo tọ́ kì í fi òbí sínú òkùnkùn. A ti pààrọ̀ páànù tó ń jò lókè ilé ìdáná, ewúrẹ́ funfun sì bí ìbejì, ọ̀kan kú. Ṣé o ń jẹun?

Mo rántí ọdún 2023, nígbà tí eré náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí o fi ìrọ̀lẹ́ kan gbáko ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lórí fóònù: ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínlógún tí kò bára tan, tí èèyàn yóò pín sí agbo mẹ́rin, tí àṣìṣe kẹrin yóò sì fi òpin sí i. O ní àwọ̀ ìyeyè ló rọrùn jù, àwọ̀ ewé tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà búlúù, àti pé àwọ̀ àlùkò ló le jù, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń fi ìró ọ̀rọ̀ ṣeré. Mo sọ fún ọ pé àwọn baba wa ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àrokò kí ìwé tó dé, tí owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, tí mẹ́jọ sì ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Inú rẹ dùn. Ohun tí n kò sọ fún ọ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ báyìí.

Ní 1983, nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ní Kàdúná, ìyá mi, tí kò mọ̀wé, di ẹrù kékeré kan rán awakọ̀ sí mi. Ìgò kẹrosíìnì wà níbẹ̀, agolo iyọ̀, páálí ìṣáná, àti agolo áásáà rẹ̀ tí ìdérí rẹ̀ ti tẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú èyíkéyìí wọn. Mo rò pé ọjà ló rán mi. Mo rọ nǹkan kún inú gbogbo wọn, mo fi náírà ogún lé e, mo dá a padà sí i, ọkàn mi sì balẹ̀ pé ọmọ gidi ni mí. Awakọ̀ náà ròyìn fún mi pé nígbà tí ìyá mi gbà á tán, ó wo ẹ̀yìn mọ́tò, ó ní, “Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́?” Oṣù kẹta lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí wá sin ín. Agolo iyọ̀ náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, iyọ̀ inú rẹ̀ ti dì, kò sí ojú ṣíbí kan nínú rẹ̀. Mo rí iyọ̀, mo rí ìṣáná, n kò rí i pé òfìfo ni gbogbo wọn.

Èmi náà sì ni mo máa ń bá ọ wí nígbà tí o wà ní yunifásítì, pé kí o yé ná owó ọkọ̀ wálé, kí o kọ lẹ́tà. Ìmọ̀ràn tí mo jókòó láti gbà ọ́ ti ń di ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ mi. Bí iṣẹ́ bá ti bọ́, sọ ọ́. Bí o bá jẹ gbèsè, sọ ọ́. Yàrá rẹ ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Má fi owó ránṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀ bí ebi bá ń pa ọ́, má sì fi owó bo ohun tó ń ṣe ọ́ mọ́lẹ̀ fún mi. Bí o bá kùnà gbogbo agbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fi àpótí náà ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ojú ni ìdáhùn àlọ́ mi: ojú abẹ́rẹ́, ojú egbò, ojú fèrèsé, ojú ọ̀run. Ojú rẹ ni mo fẹ́ rí. Lálẹ́ Sátidé, láti aago mẹ́jọ, màá gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀ níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń dára, ìyá rẹ yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Fi fídíò pè wá.

Èmi ni bàbá rẹ.